Láti Ilé Àgbẹ̀dẹ dé Ṣọ́ọ̀bù Jórinjórin ní Ẹdẹ
Ní Ẹdẹ, ìlú Tìmì Àgbàlé Ọlọ́fà-iná, iná àti irin kì í ṣe àlejò. Láyé àtijọ́, ìdílé ni iṣẹ́ àgbẹ̀dẹ máa ń bá wá: ọmọ alágbẹ̀dẹ ní í fi ẹwìrì bàbá rẹ̀ finná. Lẹ́yìn tí ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, tí ó sì gba Ẹdẹ kọjá lọ sí Òṣogbo, irin òkèèrè pọ̀ lọ́jà. Nígbà tí iṣẹ́ jórinjórin dé, àdéhùn, owó ẹ̀kọ́ àti ọdún ìsìn rọ́pò ìran. Ẹni tí kò ní alágbẹ̀dẹ nílé náà lè kọ́ṣẹ́. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìgbòmìnira, ta ni yóò ra ẹ̀rọ ìjórin àti jẹnẹrétọ̀? Alágbẹ̀dẹ jogún ọmọ owú. Jórinjórin ní láti ra tirẹ̀.