Ìdí Tí Ẹni Kìíní Fi Ń Ṣubú Lọ́wọ́ Ẹni Kẹjọ

Àdímínì yín ló ń sọ̀rọ̀ láti Jos níbí. Fóìsì nóòtì yìí máa gùn díẹ̀, ẹni tó bá ń ṣírò ọjà lọ́wọ́, kó kọ́kọ́ ṣírò ẹ̀ tán.

Láti àná ni mo ti ń ka àríyànjiyàn yín lórí básíkẹ́ẹ̀tì. Ẹnìkan láti Kano ní Giannis kò wúlò, pé lọ́dún 2023 ẹgbẹ́ rẹ̀ wà nípò kìíní, ẹni kẹjọ sì nà wọ́n ní ìpele àkọ́kọ́. Ẹlòmíì láti Minna ní ojóoró ni. Ìyẹn ò dùn mí. Èyí tó dùn mí ni ti àwọn ọ̀dọ́ inú wa tí wọ́n ń sọ pé owó ọ̀fẹ́ ló wà níbẹ̀, pé kéèyàn ṣáà máa ta tẹ́tẹ́ lé ẹgbẹ́ ńlá lórí ní ìpele àkọ́kọ́. Mo gbọ́ pé ọ̀kan nínú yín fẹ́ fi owó àjọ tó kàn án lóṣù yìí dán an wò. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sẹ́yìn ná.

Fún àwọn tí kì í wò ó: ní NBA ti Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á gbá eré 82. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹgbẹ́ 8 láti ìlà oòrùn àti 8 láti ìwọ̀ oòrùn á wọ play-off, ẹni kìíní á sì pàdé ẹni kẹjọ. Láti 1984 ló ti rí bẹ́ẹ̀. Fún ọdún 10 gbáko, ẹni kẹjọ kankan ò borí ẹni kìíní.

Ó wá di 1994. Seattle borí nínú eré 63 lọ́dún yẹn, Denver borí nínú 42 péré. Nígbà náà, ẹni tó bá kọ́kọ́ borí lẹ́ẹ̀mẹta ló ń tẹ̀síwájú. Seattle gba méjì àkọ́kọ́ nílé wọn, gbogbo èèyàn ti ń palẹ̀ mọ́. Denver gba méjì nílé tiwọn. Wọ́n padà sí Seattle fún ẹ̀karùn-ún, wọ́n gbá a títí ó fi wọ àfikún àsìkò, Denver sì borí, 98 sí 94. Dikembe Mutombo, ọmọ Kóńgò, ni ògiri wọn. Nínú eré 5 yẹn, ẹ̀ẹ̀mọkànlélọ́gbọ̀n ló gbá bọ́ọ̀lù dànù lójú afẹ́fẹ́ kó tó dé àwọ̀n! Nígbà tó parí, ṣe ló sùn gbalaja sílẹ̀, ó gbé bọ́ọ̀lù sókè orí, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé tí wọ́n ra bàtà ọdún fún. Seattle tún ṣubú ní ìpele àkọ́kọ́ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, lọ́wọ́ Lakers. Lọ́dún 1996, àwọn kan náà dé àṣekágbá. Ṣé ẹ rí i pé ẹgbẹ́ yẹn kì í ṣe ọ̀lẹ?

Ẹ má jẹ́ ká gbàgbé ọmọ Èkó wa, Hakeem Ọlájuwọ́n. Òun àti Houston ló gba ife 1994. Ní 1995, ipò kẹfà ni wọ́n fi wọlé, eré 47 ni wọ́n borí. Utah tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé borí nínú 60, Phoenix nínú 59, San Antonio nínú 62. Phoenix ti fi 3 sí 1 ṣíwájú wọn, tó jẹ́ pé ẹyọ kan ló kù kí wọ́n lé wọn sílé. Houston gba mẹ́ta tó kù, ó sì gba ife náà lẹ́ẹ̀kejì. Ipò tí wọ́n fi síni lọ́rùn, ọ̀tọ̀ ni. Ohun tó wà nínú ẹni, ọ̀tọ̀ ni.

Ti Dallas ní 2007 ni mo fẹ́ràn jù láti sọ, torí pé ó dà bí ọ̀rọ̀ ọjà. Eré 67 ni Dallas borí, Golden State 42. Ṣùgbọ́n Don Nelson, kóòṣì Golden State, ti ṣe kóòṣì Dallas rí. Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n pàdé lọ́dún yẹn kó tó di play-off, ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ni Dallas fìdí rẹmi. Àmì wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹni tó ń ka 67 nìkan ni kò rí i. Wọ́n nà wọ́n 4 sí 2. Ìgbà tí wọ́n ti lé Dirk Nowitzki sílé tán ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fún un ní àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ́dún yẹn. Ojú á ti èèyàn o! Ọdún 2011 ni Dirk tó gba ife.

Ó kù Giannis. Ẹ̀yin tí ẹ ń bú u, ṣé ẹ mọ̀ pé ọ̀kan lára wa ni? Adétòkunbọ̀ ni orúkọ bàbá rẹ̀, àwọn Gíríìkì ló kọ ọ́ dà báyẹn. (Ìyá rẹ̀, ọmọ Ìgbò ni, ẹ jẹ́ kí àwọn aládùúgbò wa náà yọ̀.) Áténì ni wọ́n bí i sí ní 1994, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń kiri aago àti awò ojú lójú pópó. Ìlú tí wọ́n bí i sí, àlejò ni wọ́n kà á sí níbẹ̀. 2013 ni wọ́n tó fún un ní ìwé ọmọ onílùú. Àwa tí wọ́n bí àwọn ọmọ wa ní Jos níbí mọ ohun tí mò ń sọ.

Ní 2023, Milwaukee rẹ̀ borí nínú eré 58. Miami tí wọ́n pàdé, Atlanta ti kọ́kọ́ nà wọ́n, Chicago ni wọ́n borí kí wọ́n tó rí ipò kẹjọ gbà. Nínú eré àkọ́kọ́, Giannis fi ẹ̀yìn lulẹ̀, kò gbá kejì àti kẹta. Nígbà tó padà nínú ẹ̀kẹrin, Jimmy Butler ti Miami dá 56 jẹ. Nínú ẹ̀karùn-ún, Milwaukee fi 16 ṣíwájú nígbà tó ku ìdá kan nínú mẹ́rin, Miami sì lé wọn bá, ó borí ní àfikún àsìkò, 128 sí 126. Ará Minna, kò sí ojóoró níbẹ̀: Giannis ju bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ 23, 10 ló wọlé. Ará Kano, ọkùnrin tí ẹ̀yìn ń dùn yẹn jẹ 38, ó gba bọ́ọ̀lù tó ta padà 20. Ṣé ẹni tí kò wúlò nìyẹn? Ẹni kan náà ló gba ife ní 2021.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣírò. Láti 1984 dé 2023, ẹni kìíní àti ẹni kẹjọ pàdé nígbà 80. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni ẹni kẹjọ borí. Ẹ ó ní ó kéré. Ṣùgbọ́n onítẹ́tẹ́ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí èrè orí ẹgbẹ́ ńlá fi máa ń kéré. Ká ní Náírà 1,000 mú 50 wá. Tí ó bá bọ́ lẹ́ẹ̀kan, èrè ìgbà 20 ló lọ. Ẹ̀ẹ̀kan nínú 13 ló sì ń bọ́. Ta ló máa ra ọjà lọ́nà báyìí ní Terminus kó má jẹ gbèsè?

Ti Chicago ní 2012, ọjọ́ tí Derrick Rose fi orúnkún pa, mo máa sọ ọ́ lọ́la, bátìrì mi ti ń pupa. Owó àjọ á jáde lọ́jọ́ Sátidé. Ẹni tó kàn mọ ara rẹ̀, kó pè mí ní kọ̀rọ̀ kí n tó fi ránṣẹ́.