Ààfin Falkland: ọba lọ, ilé kù

A ṣe àbẹ̀wò sí Falkland, ìlú kékeré kan lẹ́bàá òkè ní ilẹ̀ Skọ́tílándì. Àárín ìlú ni ààfin wà. Ọba James Kẹrin àti ọmọ rẹ̀, James Karùn-ún, ló kọ́ ọ láàárín 1501 sí 1541. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń sinmi, tí wọ́n sì ń ṣọdẹ. Ibẹ̀ náà ni James Karùn-ún wàjà sí ní 1542. Pápá tẹníìsì tó ṣe ní 1539 ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n ṣì ń gbá a.

Ní 1603, ọba wọn jọba Gẹ̀ẹ́sì mọ́ tiwọn, ó kó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tó yá, àwọn ọmọ ogun Cromwell gba ààfin náà, iná sì jó apá kan. Ó di ahoro.

Ní 1887, ìjòyè kan, Marquess ti Bute, ra ipò olùtọ́jú ààfin, ó sì tún un ṣe. Láti 1952, ẹgbẹ́ National Trust for Scotland ló ń bójú tó o. Ọba ló ṣì ni ín, ṣùgbọ́n olùtọ́jú ni kò jẹ́ kó wó tán.

Ní ìlú tiyín, ta ni ìtọ́jú ààfin wà lọ́wọ́ rẹ̀?