Ẹ̀rí-Ọkàn láàrin Làákàyè àti Èrò Abẹ́nú: Àtúnyẹ̀wò Àríyànjiyàn Kan

Láti ìgbà tí Jonathan Haidt, onímọ̀ nípa ìṣesí ọkàn ní Amẹ́ríkà, ti tẹ àpilẹ̀kọ rẹ̀ jáde ní 2001, ọ̀pọ̀ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ẹjọ́ ti parí: ọkàn ti dájọ́ kí làákàyè tó dé, iṣẹ́ lọ́yà lásán sì ni làákàyè ń ṣe, tí ó ń wá àwíjàre fún ìdájọ́ tí kò lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ ti tẹ̀ síwájú láti sọ pé inú èrò abẹ́nú, ìyẹn apá ọkàn tí ń ṣiṣẹ́ láìjẹ́ pé ẹni tí ó ni ín mọ̀, ni gbogbo ẹ̀rí-ọkàn ti ń wá. Ohun tí ẹ̀rí-ọkàn jẹ́ kò ṣàjèjì sí òǹkàwé. Orísun rẹ̀ ni ìjà wà.

Ìjà náà ti pẹ́. Hume, onímọ̀ ọgbọ́n orí, ti sọ ní 1739 pé ìránṣẹ́ ìmọ̀lára ni làákàyè. Kant, òun náà onímọ̀ ọgbọ́n orí, sì sọ ní 1797 pé kóòtù abẹ́nú ni ẹ̀rí-ọkàn, níbi tí olùjẹ́jọ́ ti gbọ́dọ̀ ro adájọ́ sí ẹlòmíràn yàtọ̀ sí ara rẹ̀. Ní 1923, Freud, oníṣègùn ọkàn, ṣàlàyé superego, ẹ̀ṣọ́ inú tí ó ń hù nígbà tí ọmọdé bá gbé èèwọ̀ àwọn òbí rẹ̀ mì, tí púpọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀ sì fara sin. Ojú Freud tó ibi tí ojú Kant kò tó, nítorí pé ẹni tí ìdálẹ́bi ń jẹ níyà láìmọ ẹ̀ṣẹ̀ tí òun ṣẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n.

Ṣùgbọ́n kí ni Haidt wọ̀n ní ti gidi? Ìtàn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan ni wọ́n sọ fún àwọn olùdáhùn: àwọn méjèèjì bá ara wọn lò pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n lo ohun ìdènà oyún, wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni, kò sì sí ẹni tí ó fara pa. Ọ̀pọ̀ ní ó burú. Nígbà tí àwọn olùwádìí sì já gbogbo ìdí tí àwọn olùdáhùn mú wá, àwọn olùdáhùn kò rí òmíràn sọ, síbẹ̀ wọn kò yí ohùn padà. Ìdájọ́ lórí ọmọlàkejì nìyẹn, kì í ṣe ẹ̀rí-ọkàn. Thomas Aquinas ti là á sílẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹtàlá pé ẹ̀rí-ọkàn ni kí ènìyàn gbé ohun tí ó mọ̀ lé ìṣe ara rẹ̀, yálà èyí tí ó ti ṣe tàbí èyí tí ó fẹ́ ṣe. Dídá ẹlòmíràn lẹ́bi kò ná ènìyàn ní kọ́bọ̀, ó sì lè yá ju ìṣẹ́jú lọ. Dídá ara ẹni lẹ́bi ń dojú kọ ìfẹ́ inú, owó àti orúkọ rere. Bí làákàyè bá jẹ́ lọ́yà lásán, ta ni yóò dá ara rẹ̀ lẹ́bi lẹ́yìn tí lọ́yà rẹ̀ ti gbà á sílẹ̀?

Ọ̀ràn John Newton fi èyí hàn kedere. Ó jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ akẹ́rú ní etíkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà títí di 1754, ó ń gbàdúrà lórí omi nígbà tí àwọn ẹrú wà nínú ìdè lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì jẹ́wọ́ lẹ́yìn náà pé òwò náà kò da ọkàn òun láàmú nígbà yẹn. Ní 1788, ó tẹ ìwé tí ó fi tú àṣírí òwò náà, títí kan ọwọ́ tirẹ̀ nínú rẹ̀. Ó sì jẹ́rìí níwájú àwọn aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òbí wo ni ó gbin èèwọ̀ yìí sí i nínú? A lè sọ pé àánú ti ń ṣiṣẹ́ lábẹ́nú, ìyẹn kò sì ṣeé kọ̀ pátápátá. Ṣùgbọ́n kí àánú tó di ẹ̀rí lòdì sí ara ẹni, ẹnìkan ní láti tú ìwà àtijọ́ wò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Kò tíì yẹ kí a fi gbogbo ẹnu sọ ọ́, àmọ́ ó jọ pé èrò abẹ́nú ni ó ń kọ́kọ́ dá ẹjọ́, tí làákàyè sì ń pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ẹ̀rí-ọkàn tí kò bá lè pe irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ kò yàtọ̀ sí ìbẹ̀rù lásán.

Ọmọdé ni ìwádìí tí ó kàn yẹ kí ó kọjú sí. Piaget, onímọ̀ nípa ìṣesí ọkàn, nínú ìwé rẹ̀ ti 1932, wo àwọn ọmọ ilẹ̀ Switzerland bí wọ́n ti ń ta bọ́ọ̀lù gíláàsì kéékèèké, ó sì rí i pé àwọn kékeré ka òfin eré sí àṣẹ àgbà tí kò ṣeé yí, nígbà tí àwọn tí ó dàgbà díẹ̀ mọ̀ pé àdéhùn ni. Ó yẹ kí a gbé irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ lọ sí ìdí ọpọ́n ayò, kí a lè mọ ọjọ́ orí tí ọmọ tí ó ṣe òjóró, tí ẹnikẹ́ni kò sì rí i, fi ń bẹ̀rẹ̀ sí dá ọmọ ayò padà fúnra rẹ̀, àti ohun tí yóò sọ bí a bá bi í léèrè ìdí rẹ̀.