A Kì Í Fárí Lẹ́yìn Olórí: Ohùn Aláìsàn nínú Ìṣirò Owó Ìlera

"A kì í fárí lẹ́yìn olórí." Òwe yìí kò ṣòro láti túmọ̀. Onígbàjámọ̀ tó mọṣẹ́ dójú àmì kò lè fá orí tí kò sí níwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn àgbà ń fi í sọ ju ọ̀rọ̀ abẹ lọ. Wọ́n máa ń pa á nígbà tí ẹbí bá jókòó lórí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó tí wọn kò pe ọmọbìnrin náà sí, tàbí nígbà tí a bá fẹ́ pín ogún nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ṣì wà lájò. Ẹ kíyè sí i pé òwe náà kò sọ pé olórí mọ iṣẹ́ fífá ju onígbàjámọ̀ lọ. Ohun méjì ló sọ. Èkíní ni pé orí náà ní ẹni tó ni ín. Èkejì, tí a kì í sábà rántí, ni pé bí abẹ bá ṣì í gé, ara ẹnì kan pàtó ni ẹ̀jẹ̀ ti máa jáde, kì í ṣe ara ẹni tó di abẹ mú.

Mo fẹ́ fi òwe yìí yẹ iṣẹ́ kan wò tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ pé wọ́n ń ṣe lórí wa: ìmọ̀ ètò ọrọ̀-ajé ìlera. Àwọn tó ń ṣe é máa ń béèrè pé èló ni àìsàn kan ń ná ìlú, àǹfààní wo ni ìtọ́jú kan ń mú wá ju òmíràn lọ, àti pé bí owó kò bá tó, àìsàn wo ni kí ìjọba kọ́kọ́ dojú kọ. Ìdáhùn wọn ni àwọn mínísítà ní Kútọnu àti àwọn àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé ní Geneva fi ń pinnu. Nọ́ńbà ni ìdáhùn náà máa ń jẹ́, nọ́ńbà sì máa ń dà bí ohun tí kò ní ojúsàájú. Bẹ́ẹ̀ ẹnì kan ló ti kọ́kọ́ yan ohun tí wọn yóò kà àti ohun tí wọn yóò fò. Ibẹ̀ gan-an ni abẹ ti máa ń ṣì gé.

Ẹ jẹ́ ká gbé e dé Idigny, lápá àríwá-ìlà-oòrùn Kétu, ní ẹkùn Plateau ti orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, níbi tí ààlà Nàìjíríà kò ti jìnnà. Oko ni ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ ń gbáralé. Ká ní ọmọ kan níbẹ̀ ní egbò Buruli. Àìsàn yìí máa ń bẹ̀rẹ̀ bíi kókó kékeré lábẹ́ awọ, kì í sì í sábà dunni, ìdí rẹ̀ nìyí tí òbí fi lè rò pé yóò lọ fúnra rẹ̀. Nígbà tó bá yá, awọ á já, egbò á máa fẹ̀, ó sì lè jẹ ẹran ara dé egungun. Nílẹ̀ Áfíríkà, nǹkan bí ìdajì àwọn tó ń mú ni kò tíì pé ọmọ ọdún 15. Kì í sábà pa èèyàn, àmọ́ ó lè sọ ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ di aláìlèṣiṣẹ́ títí ayé.

Ilé ìtọ́jú tó mọ ìtọ́jú egbò yìí jù lágbègbè náà wà ní ìlú Pobè. Ní 2003 ni àjọ Raoul Follereau dá a sílẹ̀, àwọn aláìsàn sì ń ti Nàìjíríà pàápàá sọdá ààlà wá síbẹ̀. Àwọn oníṣègùn tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ gbé àbájáde kan jáde ní 2014 lórí aláìsàn 1,227 tí wọ́n tọ́jú láàárín 2005 sí 2011. Nínú àwọn tí wọ́n tún yẹ̀ wò lẹ́yìn ìtọ́jú, ó lé ní ìdá kan nínú márùn-ún tí ẹ̀yà ara wọn kò ṣiṣẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Láti 2004 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí a máa lo oògùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ abẹ nìkan ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé. Oògùn náà jẹ́ ọ̀fẹ́.

Ọ̀fẹ́, ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Bí ẹni tó ń ṣírò bá ṣí ìwé owó ilé ìwòsàn, yóò rí i pé ẹbí ọmọ náà kò san nǹkan kan fún oògùn, yóò sì kọ òdo sílẹ̀. Ṣùgbọ́n láti Idigny dé Pobè lé ní 50 kìlómítà, a sì máa gba Kétu kọjá. Ìyá tàbí ìyá-àgbà ni yóò bá ọmọ lọ, nítorí ọmọdé kì í dá gbé ilé ìwòsàn. Bí ó bá bọ́ sí àkókò tí òjò àkọ́kọ́ ń rọ̀, ta ni yóò gbin àgbàdo rẹ̀? Ta ni yóò se oúnjẹ fún àwọn ọmọ tó kù nílé? Ẹ̀gbọ́n ọmọ náà, tó yẹ kó wà ní ilé ìwé, ni yóò bọ́ sí ìdí ààrò. Ẹbí á ya owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àjọ, wọn á ta ewúrẹ́, ọdún ọmọ náà ní kíláàsì á sì ṣòfò. Kò sí ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí tó máa ń wọ ìwé owó ilé ìwòsàn.

Irú àdánù yìí kì í ṣe àròsọ. Ní Gánà, àwọn olùwádìí méjì, Asiedu àti Etuaful, ṣírò owó tí egbò yìí ń ná àwọn aláìsàn. Ní 1998 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, wọ́n sì rí i pé apá tó pọ̀ jù nínú ìnáwó náà kì í ṣe owó ìtọ́jú rárá, àdánù iṣẹ́ àti àkókò ni. Ní Kamẹrúùnù, ní Akonolinga àti Ayos, níbi tí ìtọ́jú ti jẹ́ ọ̀fẹ́, ìwádìí kan tó jáde ní 2008 fi hàn pé gbígbé tí aláìsàn ń gbé ní ilé ìwòsàn ń jẹ nǹkan bí 25% nínú ohun tí ẹbí ń rí lọ́dún. Àwọn onímọ̀ sì ti gbà pé bí ó bá ti ju 10% lọ, ìnáwó náà ti di àjálù fún ẹbí. Ohun tó dùn mí jù nínú ìwádìí náà ni pé àwọn ẹbí kan, nígbà tí agbára wọn pin, kò lọ bẹ aláìsàn wọn wò mọ́. Ó di ẹni àdáwà lórí bẹ́ẹ̀dì. Àwọn tó ṣe iṣẹ́ yẹn rí èyí nítorí pé wọ́n jókòó ti aláìsàn, wọ́n jẹ́ kó sọ tẹnu rẹ̀ tán. Ọ̀rọ̀ aláìsàn kan ni wọ́n tilẹ̀ fi ṣe àkọlé ìwé wọn.

A lè sọ pé Bẹ̀nẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí pípe ará ìlú sí ọ̀rọ̀ owó ìlera. Ní Pahou, nítòsí Ouidah, láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni wọ́n ti ń gbìyànjú kí ará ìlú máa san owó oògùn díẹ̀, kí owó náà sì wà lábẹ́ àmójútó wọn. Nígbà tí àwọn mínísítà ìlera ilẹ̀ Áfíríkà pàdé ní Bamako ní 1987, irú ètò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fọwọ́ sí, Bẹ̀nẹ̀ sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ tàn án káàkiri. Láti ìgbà náà ni ìgbìmọ̀ tí ará ìlú yàn ti ń bá nọ́ọ̀sì ṣírò owó oògùn ní àwọn ilé ìwòsàn abúlé. Ohun rere ni, mo sì bu ọlá fún un. Àmọ́ àyè lórí àpótí owó yàtọ̀ sí àyè níbi tí wọ́n ti ń gbé ìbéèrè kalẹ̀. Ìgbìmọ̀ náà lè sọ iye oògùn tó kù. Kò sí ẹni tó bi wọ́n pé kí ni ó yẹ kí ìlú mọ̀ nípa àwọn tí kò dé ilé ìwòsàn rárá. Nígbà tí olùwádìí Edgard-Marius Ouendo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tọ ipasẹ̀ àwọn aláìsàn tó tòṣì jù ní Bẹ̀nẹ̀, ọ̀rọ̀ àwọn tí ètò Bamako fi sílẹ̀ sẹ́yìn fojú hàn dáadáa.

Àpẹẹrẹ kan wà ní Nàìjíríà tí mo fẹ́ràn gidigidi. Bí àwọn onímọ̀ bá fẹ́ mọ iye tí ará ìlú lè san fún nǹkan, wọ́n máa ń dá iye kan lé e, kí ẹni tí wọ́n ń bi sọ pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Òkèèrè ni wọ́n ti kó ọgbọ́n yìí wá, níbi tí a ti ń lẹ iye mọ́ ọjà lára. Obinna Onwujekwe, tó ń ṣiṣẹ́ ní Enugu, wò ó pé kò sí ìyá ọlọ́jà kankan lọ́dọ̀ wa tó ń rajà bẹ́ẹ̀. Olùtajà á pe iye, olùrà á dá tirẹ̀, wọn á jọ dúnàádúrà títí ọ̀rọ̀ á fi wọ̀. Ó wá ṣe ìbéèrè rẹ̀ ní àwòrán ìdúnàádúrà ọjà, ó fi wádìí iye tí àwọn èèyàn lè san fún àwọ̀n ẹ̀fọn olóògùn ní gúúsù-ìlà-oòrùn Nàìjíríà, ó sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà àtijọ́ kó lè mọ èyí tó sàn. Ìwé rẹ̀ jáde ní 2004. Ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo péré ni èyí o, nítorí pé ọ̀mọ̀wé ṣì ni ó dá ìbéèrè náà ṣe, ṣùgbọ́n ó ti jẹ́wọ́ pé ará ọjà ní ọgbọ́n tí ìwé kò ní.

Lágbàáyé pàápàá, wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Báǹkì Àgbáyé gbé òṣùwọ̀n ẹrù àìsàn jáde ní 1993, àwọn ọ̀mọ̀wé ni wọ́n jókòó pinnu bí ìfọ́jú ṣe wúwo tó sí yíyarọ. Ó di 2012 kí ìwádìí ńlá tó jáde tó fi ìbéèrè náà síwájú ará ìlú: ó lé ní 13,000 èèyàn ní Bangladesh, Indonesia, Peru, Tanzania àti Amẹ́ríkà, àti àwọn mìíràn tó lé ní 16,000 lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nínú àwọn orílẹ̀-èdè márùn-ún tí wọ́n ti yan àwọn tí wọ́n bi ní tààràtà, kò sí ọ̀kan láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Mo gbà pé àlàfo tó yẹ ká dí ni, nítorí pé àìlègbé ọkọ́ kò lè rọ ẹnì kan tó jókòó sí ọ́fíìsì bó ṣe ń ni àgbẹ̀ lára.

Àwọn kan á ní aláìsàn kò mọ ìṣirò, pé àǹfààní ara rẹ̀ ni yóò máa wá. Kò sí ẹni tó ní kó wá ṣírò. Onígbàjámọ̀ ni yóò di abẹ mú. Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí àwọn tó ti gbé Pobè fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń pinnu ohun tí wọn yóò kà, kí ìpàdé náà jẹ́ ní èdè wọn dípò Faransé, kí ó má bọ́ sí ọjọ́ ọjà, kí a san owó ọkọ̀ wọn, kí àwọn obìnrin sì ní ìjókòó tiwọn níbi tí ọkọ àti baálẹ̀ kò ti ní gba ọ̀rọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu.

Ẹ̀yin ará Idigny, àti gbogbo ilẹ̀ Kétu, bí ẹni tó mú ìwé ìbéèrè lọ́wọ́ bá wọ agbo ilé yín, ẹ gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ẹ bi í pé ta ló kọ àwọn ìbéèrè náà, àti ọjọ́ wo ni yóò padà wá sọ ohun tó rí fún yín. Bí kò bá sì béèrè nípa oko tí ẹ fi sílẹ̀ nítorí àìsàn, ẹ sọ ọ́ fún un, kí ẹ sì ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó dìde.