Ọmọ Ìjùmú Tí Ó Gun Ẹṣin Òfurufú

Ìkọ̀lé ni wọ́n bí mi sí. Nígbà tí a wà ní kékeré, bí ilẹ̀ bá ṣú tí ariwo wa sì pọ̀ jù, ọ̀rọ̀ kan ni àwọn àgbà ilé fi ń pa wá lẹ́nu mọ́: "Ẹ dákẹ́, kí ẹlẹ́ṣin Tápà má baà gbọ́ yín." Kò sí ẹnìkan nínú wa tí ó rí ẹlẹ́ṣin Tápà rí, àwọn tí ń fi í dẹ́rù bà wá pàápàá kò rí i. Ogun a máa tán, ṣùgbọ́n ẹ̀rù rẹ̀ kì í tètè tán. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó wá sí mi lọ́kàn nígbà tí mo ń wádìí ìgbésí ayé Tolúlọpẹ́ Arótilé, obìnrin àkọ́kọ́ tí ó wa hẹlikópítà ogun ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Kí ni ó pa ẹlẹ́ṣin Tápà pọ̀ mọ́ awakọ̀ òfurufú? Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ọmọ ogun Tápà láti Bídà a máa gun ẹṣin wọ ilẹ̀ Ìyàgbà, Búnú àti Ìjùmú, wọn a sì máa bá a dé àríwá Èkìtì. Wọ́n ń kó ènìyàn lẹ́rú, wọ́n sì ń gba ìṣákọ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n tú ìlú Ìyé ká, jagunjagun kan tí ń jẹ́ Eṣùbíyì kó àwọn tí ó ṣẹ́kù jọ, ó sì tẹ Ayédé dó, ìlú tí ó wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yẹ́ lónìí. Ó di ọba, ó jẹ oyè Àtá. Aṣáájú ni í ṣe, nítorí ó dáàbò bo àwọn tí kò ní ibi tí wọn yóò forí pamọ́ sí. Ṣùgbọ́n kí a má purọ́, òun náà kó ogun ja ìlú mìíràn. Bẹ́ẹ̀ ni ayé ìgbà náà rí: ẹni tí ó gbà ọ́ lọ́wọ́ ogun lónìí lè kó ogun ja aládùúgbò rẹ lọ́la.

Ní 1897 ni àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company ṣẹ́gun Bídà. Nígbà tí òyìnbó pín ilẹ̀, ó fi Èkìtì sí ìhà gúúsù, ó sì fi Ìjùmú sí ìhà àríwá. Ìpínlẹ̀ Kogí ni Ìjùmú wà lónìí. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá ti Ìkọ̀lé gba Ọ̀mùò lọ sí Kábà, ilẹ̀ Ìjùmú ni yóò là kọjá. Ìyà kan náà ni ó jẹ wá. Ìdí nìyí tí n kò fi ka Tolúlọpẹ́, tí ìdílé rẹ̀ ti Iffe ní Ìjùmú wá, sí àlejò.

Kàdúná ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá 1995. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ogun òfurufú ni ó lọ. Ní oṣù Kẹsàn-án 2012, kí ó tó pé ọmọ ọdún 17, ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn ológun, NDA, ó sì kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìṣirò. Ní 2017 ó gba oyè ọ̀gá ológun. Ó kọ́ hẹlikópítà wíwà ní South Africa, ó sì tún gba ẹ̀kọ́ sí i ní Ítálì. Ní oṣù Kẹwàá 2019 ni wọ́n fi àmì ìyẹ́ awakọ̀ òfurufú sí i láyà, òun àti Kafayat Sanni, obìnrin àkọ́kọ́ tí ó wa bàálù ajagun ní ilẹ̀ wa. Ẹ wo bí ọ̀nà náà ti jìn tó: 1964 ni a dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú sílẹ̀, ó di 2012 kí obìnrin kan, Blessing Liman, tó gba ìyẹ́ náà.

Ibi tí wọ́n rán Tolúlọpẹ́ lọ ni ó yà mí lẹ́nu jù. Mínà, ní Ìpínlẹ̀ Niger, ni ó ti ń gbéra lọ dojú kọ àwọn agbébọn tí ń lé àgbẹ̀ kúrò lóko. Ìpínlẹ̀ Niger yìí kan náà ni Bídà wà. Ilẹ̀ tí ẹlẹ́ṣin ti ń wá kó wa ní ìjọ́sí ni àgbẹ̀ rẹ̀ ti ń sá fún agbébọn orí alùpùpù lónìí. Ọmọ àwọn tí a kó lẹ́rú ni ó sì gun ẹṣin òfurufú lọ gbèjà wọn. Kò bi wọ́n léèrè ohun tí baba ńlá wọn ṣe. Ohun tí Eṣùbíyì kò lè ṣe nìyí, nítorí ayé rẹ̀ kò fún un láyè.

Ẹnìkan lè bi mí pé, Flying Officer tí kò tíì pé ọmọ ọdún 25, ta ni ó ṣe aṣáájú fún? Mo gbà pé kò ní ẹgbẹ́ ogun lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ́kọ́ la igbó ni aṣáájú ẹni tí yóò gba ọ̀nà náà lẹ́yìn rẹ̀. Ní oṣù Kejì 2020, nígbà tí wọ́n fi hẹlikópítà tuntun han Ààrẹ Buhari ní Àbújá, òun ni ó ṣàlàyé ọkọ̀ náà fún un. Àgbà dúró, ọmọdé ń ṣàlàyé. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Àwọn baba wa ní ikú ogun ní í pa akíkanjú, ikú odò ní í pa òmùwẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ mọ́ Tolúlọpẹ́ lára. Ní ọjọ́ 14 oṣù Keje 2020, nínú ọgbà àwọn ọmọ ogun òfurufú ní Kàdúná, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ń padà sẹ́yìn ni ó gbá a tí ó sì kú. Ẹni tí wọ́n jọ lọ sílé-ẹ̀kọ́ ni ó wà á. Wọ́n sin ín ní ibojì àwọn ológun ní Àbújá ní ọjọ́ 23 oṣù náà. Láti ìgbà yìí, bí a bá dárúkọ rẹ̀, ikú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rojọ́ lé lórí. N kò dá wọn lẹ́bi, nítorí ikú náà dun gbogbo wa. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ikú yẹn. Iṣẹ́ tí ó fi ìyẹ́ rẹ̀ ṣe gba oṣù mẹ́sàn-án, ìmúrasílẹ̀ rẹ̀ sì gba ọdún méje. Àwa tí a ń kọ ìtàn kò gbọdọ̀ jẹ́ kí kékeré bo ńlá mọ́lẹ̀.

Nítorí náà, bí àwọn ọmọ ilé wa ní Ìkọ̀lé bá tún ń pariwo lálẹ́, n kò ní fi ẹlẹ́ṣin Tápà dẹ́rù bà wọ́n mọ́. N ó sọ fún wọn pé kí wọ́n jókòó, kí n sọ ìtàn ọmọbìnrin kan láti Ìjùmú, tí ó fò lọ sí ìhà tí ẹ̀rù wa ti wá, tí ó sì lọ gbèjà àwọn tí ó bá níbẹ̀.