Streptozotocin àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀
Inú erùpẹ̀ Blue Rapids, ìlú kékeré kan ní Kansas, ni ilé-iṣẹ́ oògùn Upjohn ti rí kòkòrò tín-ín-tín tó ń ṣe streptozotocin ní ìparí àwọn ọdún 1950. Oògùn apakòkòrò ni wọ́n ń wá. Ní 1963, ìròyìn jáde pé streptozotocin ń fa àtọ̀gbẹ fún eku àti ajá: ojú ọ̀nà tí ṣúgà ń gbà ló ń gbà wọ sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe ínsúlíìnì, á sì pa á. Jàǹbá ńlá ni, ṣùgbọ́n òun gan-an ló di ìwòsàn. Jẹjẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀ lára irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ lè tú ínsúlíìnì jáde láìní ààlà. Ṣúgà aláìsàn á já wálẹ̀, òógùn á bò ó, ó lè dákú. Torí pé oògùn náà ń pa irú sẹ́ẹ̀lì yìí, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún ìtọ́jú jẹjẹrẹ náà ní 1982. Nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n bá fún aláìsàn, omi ṣúgà gbọ́dọ̀ wà nítòsí, torí sẹ́ẹ̀lì tó ń kú lè da ínsúlíìnì inú rẹ̀ sílẹ̀ lójijì.