Ẹjọ́ Ilé Queen's Drive

Bí ẹni tí ẹjọ́ dá lẹ́bi bá pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, àṣẹ tí ó wà nílẹ̀ kò tìtorí bẹ́ẹ̀ dákẹ́. Ó ní láti tọrọ ìdádúró. Nínú ẹjọ́ Vaswani àti Savalakh ní 1972, Ilé-Ẹjọ́ tí Ó Ga Jùlọ là á yéni pé ìdí pàtàkì gbọ́dọ̀ wà kí a tó yọ̀ǹda rẹ̀.

Ẹjọ́ tí ó dán èyí wò jùlọ l'Ékòó ni ti Olóyè Odumegwu Ojukwu. Ní 1985, ìjọba ológun Ìpínlẹ̀ Èkó fẹ́ lé e kúrò nínú ilé kan ní Queen's Drive, Ìkòyí. Ó gba ilé-ẹjọ́ lọ. Ọ̀ràn ṣì wà níwájú àwọn adájọ́ nígbà tí àwọn ọlọ́pàá oníbọn lọ lé e jáde. Ilé-Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn pàṣẹ pé kí a dá a padà síbẹ̀ títí a ó fi gbọ́ ẹjọ́. Dípò kí ìjọba ṣe bẹ́ẹ̀, ó lọ tọrọ pé kí a dá àṣẹ náà dúró.

Ní 1986, àwọn adájọ́ àgbà, tí Kayode Eso àti Obaseki wà lára wọn, kọ̀ jálẹ̀: ẹni tí ó ti fi ipá ṣe ìdájọ́ fún ara rẹ̀ kò lè wá bẹ òfin fún ojú rere. Àwa tí a ń gbé Festac àti Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin, nínú ilé tí ìjọba kọ́ nítorí àjọ̀dún 1977, kí a má pè é ní ọ̀ràn ọlọ́lá Ìkòyí lásán.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ sì kíyè sí i: ìpinnu yẹn kò sọ ẹni tí ó ni ilé náà.